Abẹ́ Ọ̀dà: Ìtọ́jú Ojú Igi Ṣáájú Kíkùn ní Olówógbowó àti Erékùṣù Èkó

Nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ nípa ilé àtijọ́ ní Erékùṣù Èkó, iwájú ilé ló máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn: òdòdó tí a fi sìmẹ́ǹtì ṣe sókè fèrèsé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tí a fi igi dárà sí, ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá. Ìwé Anthony Laotan lórí àwọn Àgùdà, tó jáde ní 1943, dárúkọ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́. Ìwé Marianno Carneiro da Cunha, tó jáde ní 1985, fi àwòrán ilé wọn han ayé. Ẹni tó gbo igi kí ọ̀dà tó kàn án kì í sábà ní orúkọ nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ìlú tí òkun wà níwájú rẹ̀, tí ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀, tí òjò sì ń rọ̀ sí i fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, ọ̀dà nìkan kọ́ ló ń sọ bóyá ilẹ̀kùn yóò pẹ́. Ohun tí a ti ṣe sí igi kí ọ̀dà tó dé ló ń sọ ọ́.

Iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ yẹn ni àròkọ yìí ń tọpasẹ̀: gbígbẹ igi, gbígbo ojú rẹ̀, dídí ihò àti kókó ara rẹ̀, àti kíkun ọ̀dà àkọ́kùn, èyí tí àwọn pẹ́ńtà òde òní ń pè ní púráímà. Àbá rẹ̀ ni pé ìmọ̀ náà kì í ṣe ẹrù tí ọkọ̀ òkun já sí èbúté lódindi. Ó di dandan kí àwọn oníṣẹ́ Èkó tún un dá, nítorí pé igi wọn, epo wọn àti ojú ọjọ́ wọn kò bá ìlànà Òyìnbó mu. Ara igi ni ẹ̀rí ohun tí wọ́n ṣe wà jù, igi náà sì ń tán lọ.

Ìpín, ẹfun, osùn àti wàjì

Kí agolo ọ̀dà tó máa wọ Èkó, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá ti ní ìlànà tiwọn. Bí wọ́n bá fi àáké àti ọ̀bẹ gbẹ́ ère tán, ewé ìpín ni wọ́n fi ń gbo ó. Ojú ewé yìí rí ṣákiṣàki bí ahọ́n ológìnní. Ficus exasperata ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ìpín yìí náà ni a fi ń dán ojú igbá. Ó máa ń jẹ igi díẹ̀díẹ̀, kò sì ní fi ojú àpá sílẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń lò ó bá rọ̀. Sáńpépà tí John Oakey bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tà ní ìlú London ní 1833 kò mú èrò tuntun wá fún ẹni tó ti mọ ìpín. Ohun tó mú wá ni pé a lè rà á ní ìsọ̀, kò sì ní gbẹ bí ewé.

Ní ti àwọ̀, ẹfun, osùn àti wàjì ni ìpìlẹ̀. Àwọ̀ wọ̀nyí ń jókòó sórí igi ni. Wọn kì í dí ojú rẹ̀ pa. Omi lè fọ̀ wọ́n, ọwọ́ sì lè nù wọ́n. Ẹni tó bá fi èyí pe ìlànà náà ní aláìpé kò wo ohun tí a ń lò ó fún. Igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, fún àpẹẹrẹ, ohun tí a ń tún kùn kí ó tó jáde ni. Títún un kùn jẹ́ ara ìmúrasílẹ̀ fún ọdún, ó sì ń sọ ère di tuntun lójú ìran. Níbi tí àwọ̀ ti ń di ọ̀tun ní àsìkò ọdún, kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ fi ọ̀dà tí yóò lo ogún ọdún ṣe?

Ọ̀ràn òpó ààfin àti ilẹ̀kùn gbígbẹ́ yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ojú kan ni wọ́n ń wà. Ṣùgbọ́n òrùlé ló ń tọ́jú wọn. Òrùlé koríko tàbí ewé máa ń sọ̀ kalẹ̀ gan-an, ó sì máa ń yọ síwájú kọjá ògiri, tí òjò àti oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ mú. Kíkọ́ ilé fúnra rẹ̀ ni ìtọ́jú igi. Nígbà tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, tí fèrèsé onígi sì dojú kọ òjò ní òkè níbi tí kò sí òrùlé gígùn tó lè bò ó, ààbò náà kúrò lọ́wọ́ òrùlé, ó di ti ojú igi.

Láti Freetown sí Olówógbowó

Ìtàn òṣèlú rẹ̀ ti di mímọ̀, kò sì pọn dandan láti dúró pẹ́ lórí rẹ̀. Ní December 1851 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò, tí Akíntóyè sì padà sórí oyè. Láti 1852 ni àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ òwò ẹrú àti àwọn ọmọ wọn tó ti ń gbé ní Sàró, bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ Èkó ní ọ̀pọ̀ yanturu. Apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà ni wọ́n tẹ̀dó sí, ní Olówógbowó. Àwọn ọmọ onílẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó yí Ìgá Ìdúngànràn ká, àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì bọ̀ wà ní Pópó Àgùdà, àwọn Òyìnbó sì wà ní etí omi ní Marina.

Ohun tí kò di mímọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni irú ilé tí ó wà lójú inú àwọn Sàró nígbà tí wọ́n dé. Freetown jẹ́ ìlú ilé alápákó: ìpìlẹ̀ òkúta nísàlẹ̀, igi àti pákó lókè. Ẹni tó bá dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí òjò ń ṣe sí pákó tí a kò tọ́jú. Iṣẹ́ ọwọ́ sì wà lára ohun tí a fi ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí a gbà sílẹ̀ náà. Samuel Àjàyí Crowther, tó dé Freetown ní 1822, kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́ míṣọ́nnárì J. W. Weeks, ẹni tó padà di bíṣọ́ọ̀bù Sàró. Bíṣọ́ọ̀bù tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ Bíbélì Yorùbá di ìfági mú kí ó tó mọ Gíríìkì. Kò sí àǹfààní nínú fífi ojú kéré irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn àwọn Sàró, tí a sábà máa ń kọ bí ìtàn akọ̀wé, àlùfáà àti oníṣòwò nìkan.

Àwọn Àgùdà ni òkìkí iṣẹ́ igi àti ti bíríkì kàn mọ́ jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Francisco Nobre ni ọ̀gá káfíńtà níbi kíkọ́ ìjọ Holy Cross láàárín 1878 àti 1881, nígbà tí Lázaro Borges da Silva jẹ́ ọ̀gá bíríkìlà. João Baptista da Costa kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní July 1894. Balthazar dos Reis gba àmì ẹ̀yẹ idẹ fún iṣẹ́ igi níbi Àfihàn Àwọn Ilẹ̀ Àmúnisìn àti Íńdíà tó wáyé ní London ní 1886. Rírìn díẹ̀ ló wà láàárín Pópó Àgùdà àti Olówógbowó. Kò bọ́gbọ́n mu láti rò pé odi wà láàárín ìmọ̀ tó wà ní àdúgbò méjèèjì.

Epo tí kì í gbẹ

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ òwò. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èbúté epo pupa àti ekuro ni Èkó. Òwò yìí ló kọ́ púpọ̀ nínú ilé olówó tó wà ní Olówógbowó àti Marina. Epo náà ń lọ sí Liverpool àti Hamburg, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là. Àmọ́, nínú gbogbo epo tó wà ní èbúté yẹn, kò sí èyí tí pẹ́ńtà lè fi po ọ̀dà.

Ìdí rẹ̀ ni pé epo ọ̀dà kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Omi máa ń fò lọ. Epo ọ̀dà máa ń mu ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́, ó sì máa ń so mọ́ ara rẹ̀ títí yóò fi di awọ líle. Òróró línsíìdì, tí a ń fún láti inú hóró ewéko tí a fi ń hun aṣọ ọ̀gbọ̀, lè ṣe èyí nítorí pé ásídì linolenic ló kó ohun tó lé ní ìdajì rẹ̀. Epo pupa yàtọ̀. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ásídì tí kò láàyè tí ọ́síjìn lè wọ̀ sí, èyí tó pọ̀ jù nínú ìdajì kejì sì lọ́ra púpọ̀ láti mu ún. Ti ekuro tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi epo pupa pa ilẹ̀kùn lónìí yóò bá a lọ́la ní tútù bó ṣe wà, eruku yóò sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, ìlú tó ń fi àgbá epo ránṣẹ́ sí Òyìnbó ní láti ra epo mìíràn padà lọ́wọ́ Òyìnbó kí ó tó lè kun fèrèsé rẹ̀. Hóró náà ń ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà àti Íńdíà wọ àwọn ilé ìfúnpo tó wà ní ìlú Hull, òróró rẹ̀ á sì bá ọkọ̀ òkun lọ sí ibi tí a bá ti ń kùn ilé.

Èyí ní ìtumọ̀ fún iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ju fún ọ̀dà ìkẹyìn lọ. Igi tí kò tíì mu nǹkan kan rí máa ń gbẹ epo lẹ́nu. Ọ̀dà àkọ́kùn gbọ́dọ̀ ní òróró tó pọ̀, kí igi lè mu tirẹ̀ yó, kí èyí tó kù sì lè di lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ mú. Pútì pàápàá, lẹ́búlẹ́bú òkúta funfun tó jọ ẹfun ni, tí a fi òróró línsíìdì pò. Bí a bá fi pútì dí ihò tí a kò kọ́kọ́ fún ní ọ̀dà àkọ́kùn, igi yóò fa òróró inú rẹ̀ mu, pútì á gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ, á sì já bọ́. Ìdí nìyí tí ìlànà fi sọ pé àkọ́kùn ló ń ṣáájú, kí pútì tó tẹ̀ lé e, kí a tó tún gbo ó. Ẹni tó bá yí i padà kò jèrè kankan.

Níbi tí òróró ti jẹ́ ohun tí a ń rà láti òkèèrè, inú àkọ́kùn ni àdánwò wà. Onílé kò lè rí i. Àwọ̀ ìkẹyìn yóò dán bákan náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba owó iṣẹ́. Ẹni tó bá fi kẹrosínì tàbí tọpẹntáìnì la àkọ́kùn títí ó fi di omi yóò rí ọ̀dà tó kárí, ṣùgbọ́n igi yóò mu ìwọ̀nba òróró tó wà níbẹ̀ lọ, àwọ̀ tó kù á sì dà bí ẹfun lójú ògiri. Lẹ́yìn òjò ọdún kan tàbí méjì, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ á máa ṣí bí èèpo. Nígbà tí àwọn aláṣẹ àmúnisìn bá ń ṣàròyé pé ojú ọjọ́ ilẹ̀ olóoru ló ń ba ọ̀dà jẹ́, ó yẹ kí òpìtàn kọ́kọ́ bèèrè iye òróró tó wọ inú igi.

Ìrókò kì í ṣe páìnì

Ìwé ìlànà Òyìnbó mọ igi kan dáadáa: páìnì. Igi yìí ní kókó púpọ̀ lára, oje sì ń bẹ nínú kókó náà. Bí oòrùn bá mú un, oje á yọ́, á gba abẹ́ ọ̀dà jáde, á sì fi àbàwọ́n pupa sójú rẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni ṣẹ́láàkì, oje tí kòkòrò kan ń ṣe sára igi ní Íńdíà, tí a yọ́ sínú ọtí líle, tí a sì fi pa orí kókó kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì kí àkọ́kùn tó dé. Fún pákó tó bá ti Yúróòpù wá, ìlànà yìí ṣiṣẹ́ ní Èkó bó ṣe ṣiṣẹ́ ní London, àfi pé oòrùn Èkó kò gba àṣìṣe.

Ìrókò yàtọ̀. Ikán kì í fẹ́ jẹ ẹ́, òjò kì í sì í tètè jẹrà rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ igi ilẹ̀kùn àti férémù fèrèsé. (Ẹ̀rù igi yìí tún wà lọ́kàn àwọn èèyàn fún ìdí mìíràn, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló ń gé ìrókò láìṣe ètùtù.) Ohun kan náà tí ikán ń sá fún ló ń bá ọ̀dà jà. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè ní chlorophorin, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí òróró gbẹ bó ṣe yẹ. Ọ̀dà tó ti gbẹ lórí páìnì láàárín ọjọ́ díẹ̀ lè wà ní rírọ̀ lórí ìrókò fún ìgbà pípẹ́. Ó tún máa ń ní òkúta nínú: ẹfun líle tó dì sínú ihò ara rẹ̀, tó ń kán ẹnu ìfági. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lórí páìnì nìkan, tó wá bá ìrókò pàdé ní Èkó, ní láti tún iṣẹ́ kọ́. Ìrókò ń fẹ́ kí a fi ọtí líle nu ojú rẹ̀ kí a tó kùn ún, tàbí kí a fi ṣẹ́láàkì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bo gbogbo rẹ̀, kì í ṣe kókó nìkan. Irinṣẹ́ kan náà ni, ìdí tí a fi ń lò ó ló yí padà.

Ọ̀gànwó kò ní wàhálà yìí, ṣùgbọ́n òun kò sábà rí ọ̀dà. Yàrá àlejò ni ipò tirẹ̀: tábìlì, àga, kọ́bọ́ọ̀dù, tí a ń fi ṣẹ́láàkì dán títí ojú èèyàn yóò fi máa hàn nínú wọn. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti ẹwà lásán: inú ilé ni igi ti lè fi ara rẹ̀ hàn, níta, ó ní láti wọ aṣọ.

Gbígbẹ igi tún wà níbẹ̀, èyí tí gbogbo iṣẹ́ yòókù dúró lé. Orí omi ni ọ̀pọ̀ ìtì igi ń gbà wọ Èkó, tí a so pọ̀ tí wọ́n sì ń léfòó lórí ọ̀sà láti apá Ìjẹ̀bú. Ìwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ igi mọ̀ ni ọdún kan fún ínṣì kan, kí pákó tó lè gbẹ lábẹ́ afẹ́fẹ́ lásán. Bí omi inú rẹ̀ bá ju nǹkan bí 18 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ọ̀dà yóò ti omi mọ́nú, oòrùn á sì lé e jáde ní ìléròrò. Nínú ọ̀rinrin Èkó, igi tó ti gbẹ tún máa ń mu omi padà, pàápàá láti orí ibi tí a ti gé e, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹnu gbogbo ihò tẹ́ẹ́rẹ́ inú igi wà. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ á kun àwọn ojú tí kò sẹ́ni tí yóò rí mọ́: orí ilẹ̀kùn, ìsàlẹ̀ rẹ̀, inú ihò tí igi kan ti wọ inú èkejì, ẹ̀yìn férémù tó kan ògiri.

Òjé

Láàárín oje àti òjé, ohùn nìkan ló yà wọ́n nínú èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni ọ̀tá ọ̀dà, èkejì sì ni ẹ̀mí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àkọ́kùn ìgbà yẹn jẹ́ òjé funfun tí a fi òróró línsíìdì pò, tí a sì fi òjé pupa díẹ̀ sí. Òjé máa ń bá òróró ṣe àdàpọ̀ tó dà bí ọṣẹ, tó rọ̀, tó ń bá igi wú tó sì ń bá a sún kì. Nítorí rẹ̀ ni àkọ́kùn ayé àtijọ́ fi ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Bí a bá rí àwọ̀ yìí lábẹ́ gbogbo àwọ̀ yòókù lára fèrèsé àtijọ́ kan, ó ń sọ pé ẹnì kan kò fo ìpele yẹn. Bí ọ̀dà funfun tàbí ti àwọ̀ ewé bá jókòó tààrà sórí igi, ìtàn mìíràn nìyẹn.

Iye tí ó ná àwọn oníṣẹ́ kò kéré. Májèlé ni òjé, eruku rẹ̀ ló sì burú jù, èyí tó ń dìde nígbà tí a bá ń gbo àkọ́kùn tó ti gbẹ. Iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ sì ni gbígbo. Ní 1921, ní Geneva, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe àdéhùn tó dẹ́kun lílo òjé funfun nínú kíkun inú ilé, tó sì ní kí a má ṣe gba ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 18, tàbí obìnrin kankan, sí iṣẹ́ kíkùn tó bá ní òjé nínú. Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ fi hàn pé àwọn tó kọ ọ́ mọ ẹni tí eruku náà ń bà lé lórí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọ̀nyí ni ìwé ìtàn ilé Èkó kò ní orúkọ wọn.

Ohun tí a ń ha dànù

Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìjọba dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928. Àjọ náà ló wó ọ̀pọ̀ ilé ní àárín gbùngbùn erékùṣù lábẹ́ ètò ìtúnlùúṣe tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ìṣòwò ṣe èyí tó kù, pàápàá ní ìhà Apọ́ngbọ̀n àti Olówógbowó, níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n ju ilé tó wà lórí rẹ̀ lọ. Ìkéde pé ilé kan jẹ́ ohun ìní orílẹ̀-èdè kò tó láti gbà á là: Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Tinúubú, tí a ti kéde bẹ́ẹ̀ ní 1956, di àlàpà ní September 2016. Àwọn àwòrán rẹ̀ wà. Kò sí àwòrán tó lè sọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà rẹ̀.

Wíwó kọ́ ni ewu kan ṣoṣo. Ẹni tó fẹ́ràn ilé bàbá rẹ̀, tó sì fẹ́ tún un ṣe, lè fi ẹ̀rọ ìgbogi ha ọdún mẹ́rìnléláàádóje dànù ní ìrọ̀lẹ́ kan, kí ó sì fa òjé símú òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ojú òun, ó ń tọ́jú ogún ni. Ohun tí iṣẹ́ ìwádìí ń fẹ́ kò pọ̀: kí a kọ́kọ́ rẹ ojú ọ̀dà náà pẹ̀lú omi kí eruku má baà dìde, kí a fi abẹ ṣí ibì kan tí kò ju èékánná lọ ní ìpele-ní-ìpele, kí a ya àwòrán rẹ̀, kí a sì tọ́jú ègé kékeré kan tí gbogbo ìpele náà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àdúgbò àti ọjọ́ tí a mú un. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ní maikirosíkópù lásán lè ka ìpele wọ̀nyẹn, kí ó sì sọ èyí tó ní àkọ́kùn pupa, èyí tó ní ṣẹ́láàkì lórí ìrókò, àti èyí tí a kàn sáré kùn. Àárín ilẹ̀kùn kọ́ ló yẹ kí a ti mú un, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ha jù. Ẹ̀yìn híńjì ló dára, àti orí ilẹ̀kùn, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì àwọn tó tún un kùn lẹ́yìn náà kì í sábà dé.